Omi Orí Ògì

Káàdì náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Dókítà Adébùnmí fi bírò kọ ọjọ́ mẹ́ta sára rẹ̀, ó sì fa ìlà sábẹ́ ti àkọ́kọ́, torí ọjọ́ náà la wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti parí. Ìdíátù, ìyàwó mi, ló nà án sí, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbà á. Èmi ni mo máa ń tọ́jú ìwé nínú ilé wa.

"Mà, ti òkè la fọ lónìí," ni dókítà wí. "Abẹ́ erìgì ló kù, níbi tí ìdọ̀tí ti le bí òkúta tí ojú ò sì tó o. Màá ha apá ọ̀tún lọ́jọ́ kejì, màá ha apá òsì lọ́jọ́ kẹta. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pa ìkankan jẹ."

Ẹ̀jẹ̀ àti òórùn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Gowon Estate. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wà lára búrọ́ọ̀ṣì Ìdíátù ní àràárọ̀, kò sì kà á sí. Òórùn ẹnu ni kò lè fara dà. Olùkọ́ ilé kéú ni, ẹnu rẹ̀ sì máa ń sún mọ́ ojú àwọn ọmọ. Nígbà tó rí i pé àwọn ọmọ ti ń yí ojú sápá kan bí òun bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn, ó ní kí n mú òun lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín.

Dókítà tún fún un ní páálí kékeré kan, òògùn tí wọ́n ń lá ló wà nínú rẹ̀.

"Kòkòrò àìfojúrí ló wà nínú èyí," ló wí. "Ẹ má bẹ̀rù, mà, àwọn tó dáa ni. Bí ẹ bá ti fọ ẹnu tán, ẹ fi ọ̀kan sẹ́nu, kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á máa bá àwọn burúkú du àyè. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n o. Wọn ò lè bá mi ha ohun tí mo fẹ́ ha."

"Àwọn kòkòrò náà wà láàyè?" ni mo bi í.

"Wọ́n wà láàyè, bàbá. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ gbé e síbi tó gbóná."

Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí èyí tó fò mí níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ìyókù.

Ẹ̀rọ ìlọta ni mò ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní àdúgbò kan tó yà kúrò lára ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù, ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti wà níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi nípa póòsì nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni mo fi kọ́ nípa ẹ̀ńjìnnì, mo sì yege. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé, bí mo bá kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò yé mi.

Mo ka ìwé tó wà nínú páálí òògùn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé irú àwọn kòkòrò rere bẹ́ẹ̀ máa ń wà nínú wàrà tó kan, àti nínú ọkà tí wọ́n bá rẹ títí tó fi kan. Bí mo ṣe gbé ojú sókè, Ìdíátù wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó gbé báàfù ògì dání, ó ti ń dà á díẹ̀díẹ̀ kí omi orí rẹ̀ lè ṣàn lọ.

"Dúró, Ìyá Zulaihat! Kí lò ń dà nù yẹn?"

"Omi orí ògì ni, Bàbá Zulaihat. Àbí ẹ fẹ́ fi wẹ̀ ni?"

"Òògùn rẹ lò ń dà sí gọ́tà."

Ó rẹ́rìn-ín. Èjí wà láàárín eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì lókè, òun ni mo kọ́kọ́ rí lára rẹ̀ ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn.

Mo ṣàlàyé fún un. Àgbàdo ló rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ, ó jẹ́ kó tòrò, ó sì ń pààrọ̀ omi orí rẹ̀ ní àràárọ̀ kó má baà kan jù. Omi tó ń kan yẹn, kí ló ń mú un kan bí kò ṣe kòkòrò tó wà láàyè? Bí a bá fi se ẹ̀kọ, iná á pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ní tútù, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. A ń ra ohun tó wá láti òkè òkun, a sì ń da èyí tó wà nínú báàfù wa nù lójoojúmọ́. Kò sí ohun tó ń bí mi nínú tó ìyẹn. Èmi tí mo ń lo ojú bébà méjèèjì, tí mi ò lè rí nọ́ọ̀tì ẹ̀ńjìnnì nílẹ̀ kí n má mú un.

Mo gbé páálí òògùn náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, pé ká fi pamọ́ di ìgbà tí kò bá sí ògì nílé. Páànù ilé wa kò jìnnà sí orí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Bí oòrùn bá ràn, ọwọ́ ò ṣe é gbé síbẹ̀.

Láti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bó bá ti fọ ẹnu tán, mo máa ń bu omi ògì sínú kọ́ọ̀bù fún un, yóò gbé e sẹ́nu, èmi á jókòó síwájú rẹ̀, màá máa wo aago. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò gbọdọ̀ dá a mì, kò sì gbọdọ̀ tu ú kí àkókò tó pé.

Lucy tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa bá wa lẹ́nu rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń lọ síbi iṣẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mà? Ẹ ò dá mi lóhùn?" Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìdíátù tó kún, ó wo aago ọwọ́ mi. "Ah, Bàbá Zulaihat! Ẹ ti ti ìyá wa lẹ́nu pa. Ṣé ìjà yín lẹ fẹ́ fi omi parí ni?"

"Ìtọ́jú eyín ni."

"Pẹ̀lú omi ògì? Ẹ̀yin Dókítà Ògì! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bu tèmi náà sílẹ̀, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ló nílò ẹ̀ jù."

Ìdíátù fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ta jáde lẹ́nu rẹ̀ sí mi láyà. Mo ní kó tún òmíràn bu, ká bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú kìíní. Àtìgbà náà ni gbogbo ilé ti ń pè mí ní Dókítà Ògì. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Ó sì ṣiṣẹ́. Èyí gan-an ni mi ò lè gbàgbé. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, òórùn náà ti lọ. Ẹ̀jẹ̀ ara búrọ́ọ̀ṣì dín kù, ó ku bíńtín. Àwọn ọmọ ilé kéú kò yí ojú mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ kejì orí káàdì kù sí ọ̀túnla, Ìdíátù rán mi létí.

"Bàbá Zulaihat, Ọjọ́bọ̀ ni dókítà ní kí n wá o."

"Wá ṣe kí ni?"

"Ti abẹ́ erìgì. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́."

"Òórùn ń bẹ?"

"Kò sí."

"Ẹ̀jẹ̀ ń jáde?"

"Ó ti dín kù."

"Kí ló wá fẹ́ ha? Ta ni ara rẹ̀ yá tó tún ń lọ jókòó sílé ìwòsàn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán? Òfò nìyẹn, Ìyá Zulaihat. Ọjọ́ tó bá ti lọ, kì í padà wá."

Kò bá mi jiyàn. Ní Ọjọ́bọ̀ náà, ìyá oníbàárà kan ní ìta Ìdímù pè mí pé bélíìtì ẹ̀rọ òun já. Mo wọn ẹ̀rọ rẹ̀, mi ò rí bébà tí màá kọ ìwọ̀n sí. Ẹ̀yìn káàdì dókítà ṣófo. Mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo sì jù ú sínú àpò irinṣẹ́ mi.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí eyín iwájú jẹ́ fún ìyàwó mi. Bí wọ́n ṣe ń ké kéú ní kékeré wa kò rí bí òun ṣe ń kọ́ ọ. Àwọn àlùfáà tó kọ́ èmi kò bìkítà nípa ibi tí ahọ́n wà. Ṣùgbọ́n Ìdíátù lọ kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tó ti di ìyá ọmọ, ó sì gbà pé háráfì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lẹ́tà Lárúbáwá, ní ilé tirẹ̀ lẹ́nu, pé èèyàn kò gbọdọ̀ lé e kúrò nílé rẹ̀. Háráfì mẹ́ta wà tí ṣóńṣó ahọ́n gbọ́dọ̀ fara kan etí eyín òkè iwájú. Bí ahọ́n bá fà sẹ́yìn díẹ̀, háráfì mìíràn lo pè yẹn. Yóò jókòó níwájú ọmọ, yóò la ẹnu rẹ̀ kí ọmọ náà rí i, yóò sì ní, "Ó kàn ọ́. Mo fẹ́ rí ahọ́n." Gbogbo ọmọ tó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ láti Ìkọ̀tún títí dé Ìgàndó ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mùálímà Mo-fẹ́-rí-ahọ́n ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn.

Èmi náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá ṣíwájú ìrun nílé, tí a parí, yóò ní, "Bàbá Zulaihat, ahọ́n yín tún sùn ní Súrà Fátíà."

"Ọlọ́run gbọ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́, jàre."

"Ó gbọ́. Èmi tí mo wà lẹ́yìn yín ni mi ò gbọ́."

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ni eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. A ń jẹun àárọ̀, ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀, ó fi ìka kan eyín òkè apá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjí.

"Eyín yìí ń mì."

Mo ní kó la ẹnu. Mo fi ìka tì í. Ó lọ, ó bọ̀. Erìgì tó wà lórí rẹ̀ ti sún sókè, eyín náà sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rí gbogbo rẹ̀.

"Ṣé kí n padà sí Gowon?" ló béèrè.

"Fi kún omi náà ni. Ìgbà mẹ́ta lójúmọ́. Má fi eyín yẹn jẹ nǹkan líle."

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, mo dé ìsọ̀ Màmá Charity tó ń lọ ata ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo gbé etí lé ẹ̀rọ rẹ̀, mo fọwọ́ kan ọ̀pá àárín rẹ̀. Ó ń mì.

"Ẹ pa á," ni mo wí.

"Ẹ jẹ́ kí n parí ti oníbàárà yìí, bàbá. Abọ́ méjì péré ló kù."

"Ẹ pa á báyìí! Bẹ́árìn tó di ọ̀pá mú ló ń mì yìí. Bẹ́árìn tó bá ti ń mì, kì í tún dúró fúnra rẹ̀. Abọ́ méjì yẹn ló máa jẹ ọ̀pá náà, ẹ ó wá sọ pé ẹ ò mọ̀."

Mo pa ẹ̀rọ náà fúnra mi. Mo padà sílé, mo bu omi ògì fún ìyàwó mi, mo jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú aago.

Ìdíátù kò tún sọ̀rọ̀ eyín mọ́. Mo rí i pé ó ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì. Mo rí i pé nígbà tí àgbàdo tuntun dé, ọ̀bẹ ló fi ń rẹ́ tirẹ̀ kúrò lára ṣùkù. Mi ò béèrè. Ẹni tí wọ́n ti ń pè ní Dókítà Ògì fún oṣù mẹ́jọ, ó ṣòro fún un láti béèrè.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Fàthíà já wọ ṣọ́ọ̀bù mi láti inú kẹ̀kẹ́. Ọmọ kéú Ìdíátù tẹ́lẹ̀ ni, òun náà ti di olùkọ́ níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ fi sípánà yẹn sílẹ̀, ẹ kálọ. Eyín Mùálímà ti jáde."

"Jáde báwo? Ta ló gbá a?"

"Kò sẹ́ni tó gbá wọn. Wọ́n ń fi háráfì han àwọn ọmọ. Ahọ́n Mùálímà fúnra wọn ló tì í."

Mo gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, mi ò mọ ìdí tí mo fi gbé e. Kẹ̀kẹ́ náà dúró dè wá. Nígbà tí a dé ilé kéú, Ìdíátù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu, ó di áńkáṣífù mọ́wọ́. A tún wọ kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Gowon Estate.

Dókítà Adébùnmí ya fọ́tò eyín rẹ̀. Ó gbé e sókè sí iná fún wa. Egungun tó yẹ kó di eyín mú ti jẹ lọ. Èyí tó wà lódìkejì èjí náà kò lè dúró mọ́, ó ní òun máa yọ ọ́ kí àrùn rẹ̀ má baà ran èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù ṣì ṣe é gbà là, bí wọ́n bá ha á lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

"Káàdì yín dà, mà?" ló béèrè.

Ìdíátù wò mí. Mo tú àpò irinṣẹ́. Káàdì náà wà lábẹ́ àwọn sípánà, òróró dúdú ti bò ó. Dókítà wo ojú rẹ̀, ó yí i padà, ó ka ìwọ̀n bélíìtì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tún yí i padà.

"Oṣù mẹ́jọ," ló wí. "Kí lẹ ń lò láti ìgbà náà?"

"Omi orí ògì," ni mo dáhùn.

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Omi ògì kì í ṣe ohun burúkú, bàbá. Kòkòrò rere wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Mi ò kàn ní sọ pé kí ẹ máa fi sẹ́nu pẹ́ bẹ́ẹ̀, torí kíkan rẹ̀ kò dáa fún eyín. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yọ eyín yìí. Ohun tí ẹ fi í rọ́pò ni, híha tí ẹ ò wá ṣe. Ó lé òórùn lọ, ẹ sì rò pé àìsàn ló lọ. Òórùn yẹn ni ì bá gbé yín padà wá sọ́dọ̀ mi."

Ó yíjú sí Ìdíátù. "Ìgbà wo ló ti ń mì, mà?"

"Ó ti tó oṣù méjì."

"Ẹ ò wá?"

"Bàbá Zulaihat ní kí n fi kún omi náà."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń fẹjọ́ sùn. Bó ṣe rí ló sọ.

Wọ́n ha ìyókù. Èmi ni mo mú un lọ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n dá, a máa ń dé ibẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jinná, wọ́n ṣe eyín àtọwọ́dá méjì fún un. Eyín náà dára. Kò sí èjí láàárín rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó padà sí ilé kéú, mo tẹ̀ lé e, mo dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Fàthíà ti kó àwọn ọmọ jókòó, wọ́n á tó ogójì. Inú wọn dùn, wọ́n ń pariwo "Mùálímà! Mùálímà!" Ó ní kí wọ́n dákẹ́. Ó la ẹnu, ó gbé ahọ́n sí etí eyín, ó sì pe háráfì náà. Eyín àtọwọ́dá náà gbéra díẹ̀, afẹ́fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ohùn tó jáde dà bíi fèrè.

Ó tún un pè. Fèrè ni.

"Ó kàn yín," ló wí.

Àwọn ọmọ ogójì gbé ahọ́n sókè, wọ́n sì pè é bó ṣe pè é gẹ́lẹ́, pẹ̀lú fèrè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Wọn kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí Mùálímà ló sọ ọ́.

Ìdíátù gbé ọ̀pá tó fi ń tọ́ka sí pátákó fún Fàthíà, ó lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Fàthíà fẹ́ kọ̀ ọ́. Ó ní, "Mùálímà, díẹ̀díẹ̀ ni, ó máa mọ́ra."

"Kó tó mọ́ra, gbogbo wọn á ti kọ́ tèmi," ni Ìdíátù dáhùn. "Pè é fún wọn."

Ní báyìí, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Kò pè é sókè mọ́. Àwọn ọmọ tuntun tó ń wọlé kò mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pè é ní Mo-fẹ́-rí-ahọ́n.

Ó ṣì ń ṣe ògì. Ní àràárọ̀, ó máa ń gbé báàfù lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó máa ń da omi orí rẹ̀ sí gọ́tà. Mo máa ń gbọ́ ọ níbi tí mo jókòó sí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Màgáríbà, mo yíjú padà, mo ní kó kọ́ mi.

"Kọ́ yín ní kí ni?"

"Fátíà. Ibi tí ahọ́n mi ti ń sùn."

Ó ní òun ò lè pè é fún mi mọ́, bí mo bá ń ṣì í òun á kàn máa na ìka sókè ni. Ó na ìka náà sókè fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ahọ́n tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kì í tètè gbọ́. Mo ń gbé e sí etí eyín, ó ń sá padà. Eyín mi pé, ọ̀kankan ò mì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò na ìka. Mo rò pé kò gbọ́ ni. Mo tún un kà. Kò na ìka.

"Ṣé mo gbà á?" ni mo bi í.

"Ẹ gbà á. Mo rí ahọ́n."

Mo fẹ́ dìde lórí ẹní.

"Ẹ tún un kà," ló wí.

Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Ó ti pa ojú dé, ètè rẹ̀ ń bá mi lọ láìsí ohùn. Mo wá mọ̀ pé kò wá àṣìṣe kankan mọ́. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè.